Ọ̀kadà tó ti rìn jìnnà àti èyí tí kò tíì rìn púpọ̀: èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé?

Ọ̀kadà Boxer méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù alárobọ̀. Àwọ̀ kan náà, ọdún kan náà. Mítà àkọ́kọ́ ka kìlómítà 58,000, ti ìkejì ka 14,000. Wọ́n ń pe àkọ́kọ́ ní ₦600,000, wọ́n ń pe ìkejì ní ₦950,000. Alárobọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo mítà, ẹ fojú ara yín wò ó. Kò tíì rìn rárá!" (Àpẹẹrẹ ni mo fi owó wọ̀nyí ṣe. Iye tí ọjà ń pè yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, kì í sì í pẹ́ yí padà.)

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kí ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a ra oní-14,000, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó mú oní-58,000. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò máa gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ ló yẹ kó sanwó lé mítà kékeré. Ẹni tó fẹ́ fi gbé èrò kò yẹ kó fi kọ́bọ̀ kún owó nítorí rẹ̀, torí kí ọdún méjì tó pé, yóò ti gun ohun tó sanwó lé yẹn tán. Màá ṣe ìṣirò rẹ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ kí a tó débẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tí ìrìn jíjìn ń ṣe lára ọ̀kadà, ká sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni mítà ń sọ.

Kìlómítà ọlọ́kadà, kìlómítà olùkọ́

Ọlọ́kadà tó bá ń rin kìlómítà 100 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ti rin 30,000 kí ọdún tó yí po. Olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi kìlómítà 10 jìnnà sílé ń rin 20 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. 5,000 ni tirẹ̀ lọ́dún. Ọdún kan lọ́wọ́ ọlọ́kadà jẹ́ ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ olùkọ́. Ìdí nìyẹn tí "ọdún méjì péré ni mo fi lò ó" kì í fi í ṣe èsì tó tó fún olùrà. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń fi í ṣe.

Kìlómítà méjèèjì kò sì dọ́gba. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tí ọ́ìlì kò tíì gòkè dé orí, ni ríìngì (òrùka ara písítìn) àti sílíńdà ń ha ara wọn jù. Ọlọ́kadà tẹ kíìkì láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tún tutù mọ́ títí di alẹ́. Olùkọ́ gùn ún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi títí ilé ẹ̀kọ́ fi pa. Nítorí náà, 58,000 lọ́wọ́ ọlọ́kadà tó ń yí ọ́ìlì rẹ̀ déédéé lè má tíì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Ibòmíràn ló ti ń jẹ ọ̀kadà: kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, jíà tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó ń gbé èrò méjì pẹ̀lú àpò gàrí wọ inú kòtò, férémù tí wọ́n jó irin ẹrù mọ́ lẹ́yìn. Ọ̀kadà oko tún ní wàhálà tirẹ̀, ìyẹn eruku ọ̀nà pupa. Bí ẹni tó ń gùn ún kì í bá gbọn fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀, eruku á bá afẹ́fẹ́ wọ sílíńdà, á sì máa ha á nínú. Kìlómítà 20,000 níbẹ̀ lè burú ju 50,000 orí ọ̀dà lọ.

Ẹ wo méjèèjì pa pọ̀:

| | Boxer ọlọ́kadà, 58,000 | Boxer olùkọ́, 14,000 |
|---|---|---|
| Ẹ́ńjìnnì | Ó ti fẹ́ tó àsìkò ríìngì àti ṣéènì táìmù (ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó ń darí fáàfù), bí wọn ò bá tíì tú u | Ó yẹ kó ṣì le, àfi bí wọ́n bá ń gùn ún láìyí ọ́ìlì |
| Kílọ́ọ̀ṣì, ṣéènì, sípírókẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń fà) | Ẹ ka owó wọn mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san | Wọ́n ṣì lè lò ó fún ìgbà díẹ̀ |
| Ṣọ́ọ̀kì, búùṣì (ibi tí apá táyà ẹ̀yìn ti so mọ́ férémù), férémù | Ibí ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò jù | Ẹ kàn wò ó bóyá ó ti ṣubú rí |
| Ohun tó lè gbó láìrìn | Kò pọ̀ | Táyà, bátìrì, rọ́bà kábúrétọ̀ |
| Pátíkúlà | Ó sábà máa ń ti gba ọwọ́ méjì, mẹ́ta kọjá | Ó ṣeé ṣe kó wà lórúkọ ẹni tó ń tà á |
| Ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín lọ́la | Ọlọ́kadà míì tàbí àgbẹ̀ | Gbogbo èèyàn |

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń mú kí iye owó jìnnà síra wọn. Bí ọ̀kadà bá ti di ti iṣẹ́, àwọn oníṣẹ́ nìkan ló kù láti rà á, àwọn oníṣẹ́ sì mọ owó nájà.

Ìgbà tí mítà ń purọ́

Wáyà tó ń gbé ìrìn lọ sí mítà bẹ̀rẹ̀ láti ibi táyà iwájú. Nǹkan olówó pọ́ọ́kú ni, ó sì tètè ń já. Bó bá já, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kì í ṣe é, torí kò dí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún kan, ọdún méjì lè kọjá tí mítà náà dúró sí 14,000 tí ọ̀kadà ń gbé èrò lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á, wọ́n á ra wáyà tuntun so mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin á sì gbà pé ara rẹ̀ dá. Àwọn mìíràn á pàrọ̀ gbogbo mítà pátá. Mítà aláwọ̀ tuntun lórí ọ̀kadà tí gíláàsì iná rẹ̀ ti pọ́n yẹ kó mú yín fura.

Ọ̀nà kẹta kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà márùn-ún péré ni mítà ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ní, yàtọ̀ sí nọ́ńbà kékeré tó ń ka ìdá mẹ́wàá kìlómítà. Bó bá dé 99,999, ó padà sí òdo. Bí ọlọ́kadà bá ń rin 30,000 lọ́dún, ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ti tó. Oní-14,000 iwájú yín lè jẹ́ oní-114,000, kí ẹni tó ń tà á má sì tíì parọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Nítorí náà, ara ọ̀kadà ni kí ẹ bi. Ẹ má fi àga àti rọ́bà ọwọ́ ṣe ẹ̀rí, torí owó kékeré ni wọ́n fi ń pàrọ̀ wọn, òun sì ni alárobọ̀ kọ́kọ́ ń pàrọ̀. Ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ wo rọ́bà ibi ìtẹ́sẹ̀ awakọ̀ àti ti orí irin jíà. Bí mítà bá sọ pé 14,000, ilà ara rọ́bà yẹn gbọ́dọ̀ ṣì hàn. Bó bá ti jẹ dé irin, mítà ti purọ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sínú ihò rẹ̀ kí ẹ mì ín. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń yọ jáde tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti yí i fún ìgbà àìlóǹkà. Ẹ wo sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Bí eyín rẹ̀ bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó mú bí eyín ajá, ó ti rìn. Bó bá sì jẹ́ tuntun lórí ọ̀kadà tí wọ́n ní kò tíì rìn, ẹ bi wọ́n pé kí ló gbé ti àkọ́kọ́ lọ.

Táyà náà ń sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀ nínú àpótí kékeré kan: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2021. Bí ẹni tó ń tà á bá búra pé òun ò pàrọ̀ táyà rí, tí ọ̀kadà sì jẹ́ ti 2019, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá dúnàádúrà.

Ẹ ká àga sókè. Abẹ́ rẹ̀, níbi tí férémù ti tẹ̀ lọ sẹ́yìn, ni ẹrù àti èrò ń fọ́ kọ́kọ́. Ojú jíjó tuntun níbẹ̀, àti ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lé e, burú ju kìlómítà èyíkéyìí lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró lórí ìdúró àárín, ẹ di táyà ẹ̀yìn mú, ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì lódindi, búùṣì ti lọ. Búùṣì kì í ṣe owó ńlá, àmọ́ ó wà fún yín láti fi yọwó.

Ẹ lọ bá a nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọ̀kadà náà kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbóná, ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ dúró kó tutù. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná ń bo àṣírí púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Àwọn kan ń da ọ́ìlì jíà tó ki sínú ẹ́ńjìnnì kí èéfín lè dínkù, kí ariwo sì rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ́ìlì tó bá ń fà bí oyin nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kì í ṣe ọ́ìlì tó yẹ ibẹ̀.

Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó yọ fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn tó sì dáwọ́ dúró sábà máa ń jẹ́ ti rọ́bà fáàfù, ìyẹn kò le. Èyí tó ń tú jáde nígbàkígbà tí ẹ bá fún un níná, tí kò sì dúró, ríìngì àti sílíńdà nìyẹn. Ọ̀kadà náà ti ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì díẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́. Bí èéfín bá ń fẹ́ jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ti ohùn wá. Ariwo tíkítíkí lókè, fáàfù ni, mẹkáníìkì á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tò ó. Ariwo ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣéènì táìmù ni, ó máa náwó díẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ gbàgbà-gbàgbà láti ìsàlẹ̀, tó ń le sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ẹrù, kọ́ńrọ́ọ̀dù tàbí kíráǹkì ni. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ máa lọ. Bí mítà rẹ̀ tilẹ̀ ka 3,000.

Èyí tí wọ́n ti tú àti èyí tí wọn ò tíì tú

Nínú gbogbo ohun tí olùrà àlòkù ń béèrè, "ṣé wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí?" ló ń já owó lulẹ̀ jù, ju mítà lọ. Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, olùrà á bojú jẹ́. Ìbojújẹ́ yìí lè ṣe yín láǹfààní.

Ẹ fi méjì wé ara wọn. Méjèèjì ti rin 58,000. Wọn ò tíì tú àkọ́kọ́ rí. Wọ́n tú ìkejì ní 50,000, wọ́n fi písítìn àti ríìngì ojúlówó sí i, rìsíìtì wà, mẹkáníìkì tó ṣe é sì ń gbé ládùúgbò, ẹ lè lọ bi í. Ọjà á pe àkọ́kọ́ ní owó tó ju ti ìkejì lọ. Ìkejì ni èmi á mú. Ohun tó ń bọ̀ wá ba ẹni tó ra àkọ́kọ́ láìpẹ́ ti bá ìkejì kọjá, ẹlòmíràn ló sì sanwó rẹ̀.

Àmọ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan sí i: ìwọ̀n písítìn wo ni wọ́n fi sí i? Nígbà tí sílíńdà bá ti jẹ, wọ́n máa ń gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì fi písítìn tó tóbi jù ti àkọ́kọ́ sí i: 0.25 mílímítà, 0.50, 0.75, títí dé 1.00. Bó bá ṣì wà ní 0.25, sílíńdà náà ṣì ní ọjọ́ iwájú. Bó bá ti dé 1.00, kò sí ibi tí wọ́n tún fẹ́ gbẹ́ mọ́. Bó bá tún jẹ, ẹ máa ra bùlọ́ọ̀kù tuntun tàbí kí wọ́n fi sílíìfù sí i.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ọ̀kadà tí mítà rẹ̀ ka 14,000 tí gọ́ọ̀mù tuntun ń yọ létí ẹ́ńjìnnì, tí orí bóòtù rẹ̀ sì ti fara gbá sípánà. Kí ni wọ́n ń wá nínú ẹ́ńjìnnì tí kò tíì rìn? Ó lè jẹ́ pé wọ́n gùn ún láìsí ọ́ìlì, ó lè jẹ́ pé mítà purọ́. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó dára.

Orúkọ tó ti rìn jìnnà àti orúkọ tí kò tíì rìn

Ìfiwéra tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyí. Owó kan náà wà lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ máa fi ra Boxer, TVS tàbí Honda tó ti rin 45,000, àbí ẹ máa fi ra ọ̀kadà ilẹ̀ Ṣáínà kan tí orúkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí, tó ṣì wà ní 12,000?

Ẹ mú èyí tó ti rìn. Kì í ṣe pé ilẹ̀ Íńdíà, tí Boxer àti TVS ti wá, mọ iṣẹ́ ju ilẹ̀ Ṣáínà lọ. Nǹkan àpàrọ̀ lọ̀rọ̀ wà. Písítìn Boxer wà ní ìsọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò yín, ọjà Nnewi tó kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ń kó ayédèrú àti ojúlówó pọ̀, ẹ sì lè yàn. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ti tú Boxer sọ́tùn-ún sósì wà níbi gbogbo. Ọ̀kadà tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn olùrà mọ èyí, nítorí náà iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ kí ó tó rìn rárá. Mítà kékeré kò lè gbé e padà sókè.

Ohun kan yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà yìí. Ní 1976, Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe CG125 ní ìlú Manaus, ní Brazil. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ṣéènì táìmù kúrò nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tí ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ tà á sí jẹ́ ibi tí ọ̀nà kò dára, tí ẹni tó ni ọ̀kadà kì í sì í rántí ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Ṣáínà wò ó ṣe tiwọn lẹ́yìn náà. Bí ọ̀kadà Ṣáínà tí ẹ fẹ́ rà bá jẹ́ irú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ má bẹ̀rù ìrìn rẹ̀ jù, torí nǹkan àpàrọ̀ ọ̀kan sábà máa ń bá òmíràn mu. Ti Honda fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ọ̀tà ni ilé iṣẹ́ wọn wà, orúkọ náà sì ṣì ń mú kí ọ̀kadà tó ti gbó dáadáa rí ẹni tí yóò rà á.

Èyí tí wọ́n gbé síbi kan

Ọ̀kadà bàbá tó ti re ìrìn àjò, 6,000 péré, ọdún mẹ́rin nínú gáréèjì. Ó máa ń wu èèyàn. Ẹ ka owó táyà méjèèjì, bátìrì, fífọ kábúrétọ̀ àti inú táńkì tí ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ kún un, kí ẹ tó dá a lóhùn. Bí ó bá ti tàn, tí ọ́ìlì ò sì jò nídìí ṣọ́ọ̀kì iwájú, ìrìn kékeré rẹ̀ yẹn tọ́ sí owó.

Pawa-báìkì tòkunbọ̀

Lórí pawa-báìkì, ìyẹn alùpùpù ẹlẹ́ńjìnnì ńlá, ni mítà ti ń jẹ owó jù, níhìn-ín náà ni wọ́n sì ti lè yẹ̀ ẹ́ wò jù. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 tó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475 yọ àwọn alùpùpù tó bá tó 200cc sílẹ̀, nítorí náà àwọn tó fẹ́ gùn ún láàárín ìlú ń wá èyí tó tóbi.

Bó bá ti Bírítéènì wá, máìlì ni mítà rẹ̀ ń kà. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, 30,000 orí mítà yẹn jẹ́ kìlómítà 48,000 ó lé. Mo ti rí ẹni tó rà á bíi pé kìlómítà ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ní England, Scotland àti Wales, alùpùpù tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa ṣe ìdánwò MOT (àyẹ̀wò bóyá ó ṣì yẹ lójú ọ̀nà) lọ́dọọdún, wọ́n sì ń kọ ohun tí mítà rẹ̀ ka sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wo àkọsílẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ìjọba wọn, nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ló nílò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín ní nọ́ńbà tó ń lò ní Bírítéènì. Bí 2019 bá ka 27,000 tí mítà iwájú yín sì ka 11,000, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá fẹ́ fún yín ní nọ́ńbà yẹn, ẹ fojú ọ̀kadà tí mítà rẹ̀ ti bàjẹ́ wò ó, kí ẹ sì sanwó bẹ́ẹ̀.

Ìrìn jíjìn lára irú èyí ní àmì tí owó ti ń já. Iṣẹ́ yíyẹ fáàfù wò lára Honda CBR600RR jẹ́ ní gbogbo máìlì 16,000, ti Yamaha R6 jẹ́ 26,600. Iṣẹ́ ńlá ni, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀ nílé. CBR tó ka 15,500 lè náwó ju oní-18,000 tí wọ́n ti ṣe tirẹ̀ lọ.

Ìṣirò tí mo ṣèlérí

Ẹ jẹ́ ká padà sí Boxer méjèèjì, ká sì gbà pé mítà wọn kò purọ́. Ká ní tuntun jẹ́ ₦1,500,000, iye rẹ̀ kò sì yí padà fún ọdún méjì.

Oní-58,000: ₦600,000, ẹ fi ₦180,000 tún un ṣe (písítìn àti ríìngì, kílọ́ọ̀ṣì, ṣéènì, táyà kan). Àpapọ̀ ₦780,000. Oní-14,000: ₦950,000, ẹ fi ₦60,000 ra táyà. Àpapọ̀ ₦1,010,000.

Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́, ọdún méjì yóò fi 10,000 kún un. Oní-14,000 á di 24,000, ó ṣì jẹ́ ọ̀kadà tí mítà rẹ̀ kéré. Ká ní ẹ tà á ní ₦850,000. Ó jẹ yín ní ₦160,000. Oní-58,000 á di 68,000, ká ní ẹ rí ₦480,000 lórí rẹ̀. Ó jẹ yín ní ₦300,000. Èyí tí ẹ rà lówó pọ́ọ́kú ló wá wọ́n jù, torí owó pọ́ọ́kú náà ni wọ́n fi rà á lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́kadà, ọdún méjì jẹ́ 60,000. Oní-14,000 á di 74,000. Ẹ ó ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká pe ìyẹn ní ₦150,000, ẹ ó sì tà á bí àwọn yòókù ní bíi ₦500,000. Ó jẹ yín ní ₦660,000. Oní-58,000 á di 118,000, ẹ ó ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní ₦100,000, ká sì ní ₦350,000 ni wọ́n rà á. Ó jẹ yín ní ₦530,000. Yàtọ̀ sí ₦130,000 tí ẹ fi jẹ èrè lórí rẹ̀, ₦230,000 ti wà lọ́wọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì lè fi ra ohun mìíràn. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò tèmi. Ibi tí ìṣirò ń lọ kò ní yí padà púpọ̀.

Nǹkan méjì ló lè dà á rú. Àkọ́kọ́ ni náírà. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti díye lé, ọ̀kadà tuntun gbówó lórí gan-an, àwọn àlòkù sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní tuntun ṣáájú ìgbà yẹn lè tà á lónìí ní iye tó ju èyí tó rà á lọ, pẹ̀lú gbogbo ìrìn rẹ̀. Ẹ má bá a jà pé "iye tí o rà á kọ́ nìyí". Iye tuntun òní ni kí ẹ fi wọn tirẹ̀. Ìkejì ni òfin. Nígbà tí Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, tí wọ́n sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ ní láti tà tàbí kí wọ́n gbé tiwọn jáde. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọ̀kadà oní-mítà gíga ló ń kún ọjà ẹ̀bá Èkó, ẹni tó fẹ́ ra ti iṣẹ́ sì lè yọwó bó ṣe wù ú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tà, ọ̀rọ̀ yín kò gùn. Ẹ jẹ́ kí wáyà mítà máa ṣiṣẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì àti ti nǹkan àpàrọ̀ sínú ọ̀rá kan, ẹ má sì kun ẹ́ńjìnnì lọ́dà. Ọ̀kadà oní-70,000 tó ní ìwé gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára rẹ̀ ń bá oní-40,000 tí kò ní ìtàn dọ́gba lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọjà.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi ìka nu ìdọ̀tí kúrò lójú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣáásì, kí ẹ fi wọ́n wé ti inú pátíkúlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà kan, tàbí tí ẹni tó ń tà á bá ní pátíkúlà wà lọ́dọ̀ àbúrò òun nílùú míì, ẹ ní kó lọ gbé e wá kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ mítà.